Bí a ṣe ń fi Raman ṣọ́ fíìmù sílíkọ́nì bó ṣe ń hù

Páńẹ́lì sólà tó wà lórí òrùlé káàkiri Ilé-Ifẹ̀, láti Lágere dé Mọdákẹ́kẹ́, ègé sílíkọ́nì ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n rẹ́ ẹ bí ẹni rẹ́ iṣu, ègé kọ̀ọ̀kan sì nípọn tó nǹkan bíi 150 sí 180 máíkírómítà (bí a bá pín mìlímítà kan sí 1000, ìpín kan ni máíkírómítà kan). Fíìmù sílíkọ́nì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Inú gáàsì la ti ń mú un jáde, orí gíláàsì ló ń hù sí, lọ́pọ̀ ìgbà kì í sì í nípọn ju máíkírómítà 3 lọ. Sílénì, ìyẹn gáàsì tó ní sílíkọ́nì àti háídírójìn nínú, pẹ̀lú háídírójìn lásán la ń tú sínú àpótí tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. A ó fi iná ráàdíò, 13.56 MHz tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, sọ gáàsì náà di plásímà, ìyẹn gáàsì tí iná ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ tó sì ń tàn. Gíláàsì yóò wà lórí irin tó gbóná tó nǹkan bíi 200 °C, sílíkọ́nì yóò sì máa bà lé e díẹ̀díẹ̀. PECVD ni orúkọ tí wọ́n mọ ọ̀nà yìí sí níbi gbogbo.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé gáàsì kan náà lè hu oríṣi sílíkọ́nì méjì. Bí sílénì bá pọ̀ nínú àdàlù náà, àwọn átọ́ọ̀mù á kàn kó jọ bí òwú tí wọ́n dà sílẹ̀. Amorphous nìyẹn, aláìtò la ó máa pè é níhìn-ín. Bí háídírójìn bá pọ̀ gan-an, wọn á tò lẹ́sẹẹsẹ bí òwú tó wà lórí òfì: kírísítálì nìyẹn. Láàárín méjèèjì ni microcrystalline wà, ìyẹn kírísítálì wínníwínní tí aláìtò yí ká. Ohun tó sì máa ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ni pé fíìmù tó kún fún kírísítálì kọ́ ló ń fúnni ní sẹ́ẹ̀lì sólà tó dára jù. Etí ààlà ló ti ń wá, níbi tí kírísítálì ti kó nǹkan bí ìdajì sí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún. Aláìtò tó kù, pẹ̀lú háídírójìn inú rẹ̀, ló ń dí àárín àwọn kírísítálì. Bó bá ti pòórá, àlàfo á ṣẹ́ kù, afẹ́fẹ́ òde á wọ inú rẹ̀, fóltéèjì sẹ́ẹ̀lì náà á sì já wálẹ̀.

Ààlà yìí kò fẹ̀ rárá. Kí sílénì kúrò ní ìdá 5 nínú 100, kó di ìdá 6, lè gbé yín kọjá rẹ̀. Ojú lásán kò lè rí i, nítorí fíìmù méjèèjì á máa dán bákan náà. Raman, ìyẹn fífi ìmọ́lẹ̀ lésà gbọ́ bí átọ́ọ̀mù ṣe ń gbọ̀n, ló ń fi ìyàtọ̀ wọn hàn láàárín ìṣẹ́jú kan, láìba fíìmù jẹ́, bí a bá mọ̀ ọ́n lò. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lò, irọ́ ni yóò máa kà, nọ́ńbà irọ́ náà yóò sì rí bí òótọ́.

Ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń sọ

Ọdún 1928 ni C. V. Raman kéde ohun tó rí ní Kolkata ní Íńdíà, ẹ̀bùn Nobel sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní 1930. Bí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ kan ṣoṣo bá bọ́ sára nǹkan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ni yóò padà pẹ̀lú àwọ̀ tó bá wá. Ṣùgbọ́n díẹ̀ bíńtín yóò fi lára agbára rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn átọ́ọ̀mù tó ń gbọ̀n, yóò sì padà pẹ̀lú àwọ̀ tó yí díẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín àwọ̀ tó lọ àti èyí tó bọ̀ ni a ń kà ní cm⁻¹, ìyẹn iye ìgbì ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà kan.

Sílíkọ́nì kírísítálì ní ohùn kan ṣoṣo, bí agogo tí a lù lẹ́ẹ̀kan: ṣóńṣó tó mú ṣáṣá ní 520.7 cm⁻¹. Aláìtò kò ní ohùn kan. Ariwo ọjà ni tirẹ̀, òkè gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí orí rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 480, tó sì fẹ̀ tó 60 sí 70. Láàárín wọn, ní nǹkan bíi 500 sí 510, ejìká kékeré kan wà tó ń wá láti ara kírísítálì tó kéré jọjọ àti láti etí ibi tí kírísítálì kan ti pàdé èkejì. Mẹ́ta yìí ni gbogbo ìtàn náà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ nípa háídírójìn, ẹ lọ sókè sí 2000 sí 2100 cm⁻¹. Sílíkọ́nì tó di háídírójìn kan mú ń dún ní nǹkan bíi 2000. Èyí tó di méjì mú ń dún ní nǹkan bíi 2100, òun sì ni àmì pé fíìmù náà ní ihò.

Ohun tí ẹ nílò

Lésà ni àkọ́kọ́, yíyàn rẹ̀ sì ṣe pàtàkì ju owó rẹ̀ lọ, nítorí àwọ̀ lésà ló ń sọ bí ẹ ṣe jìn tó nínú fíìmù. Lésà aláwọ̀ ewé, 532 nm (1000 nm ló wà nínú máíkírómítà kan), ń wọ sílíkọ́nì kírísítálì tó nǹkan bíi máíkírómítà 1 kó tó rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n nínú aláìtò kò wọ ju nǹkan bíi 100 nm lọ. Níwọ̀n bí ìmọ́lẹ̀ ti ní láti lọ kó sì tún bọ̀, ìdajì ìjìn yẹn ni Raman ń gbọ́ ní ti gidi. Lésà pupa, 633 nm, ń wọ kírísítálì tó nǹkan bíi máíkírómítà 3, ó sì ń wọ aláìtò ju ìdajì máíkírómítà lọ díẹ̀. Nítorí náà, fún fíìmù máíkírómítà 1, aláwọ̀ ewé ń sọ ohun tó wà lókè fún yín, pupa sì ń sọ ti gbogbo ara rẹ̀. Bí ẹ bá ní méjèèjì, ẹ lo méjèèjì. Lésà 785 nm kò dára fún iṣẹ́ yìí: ó ń gba inú fíìmù kọjá sínú gíláàsì, ìtànyòò gíláàsì á sì bo ohun tí ẹ ń wá.

Lẹ́yìn lésà, ẹ nílò asẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó ń dá àwọ̀ lésà dúró, spectrometer (ẹ̀rọ tó ń ya àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀) tí grating rẹ̀, ìyẹn dígí onílà tó ń tú àwọ̀ ká, ní ìlà 1200 tàbí 1800 nínú mìlímítà kan, CCD (kámẹ́rà tó ń gba ìmọ́lẹ̀ náà) tó tutù, àti lẹ́ǹsì maikirosíkópù 10× tàbí 50×. Grating oní-600 lè fi ìyàtọ̀ kírísítálì àti aláìtò hàn, ṣùgbọ́n ejìká 505 yóò rì sínú èkejì rẹ̀. Ẹ wá ègé sílíkọ́nì kírísítálì tó dán, èyí tí a fi ń ṣe ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, fún títún ìwọ̀n ṣe. Ẹ wá ohun tí a fi ń wọn agbára lésà, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n níbi tí fíìmù yóò wà, kì í ṣe lẹ́nu lésà, nítorí dígí àti lẹ́ǹsì ń jẹ púpọ̀ lọ́nà. Ẹ mú gíláàsì òfìfo kan láti inú páálí kan náà tí ẹ ti mú gíláàsì tí fíìmù hù sí. Àwọn ènìyàn máa ń fojú kéré ìkẹyìn yìí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń gba ni sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ sílénì gbangba. Gáàsì yìí ń gbiná fúnra rẹ̀ bó bá ti fẹnu kan afẹ́fẹ́. Kò dúró de ìṣáná. Ẹni tí kò ní kọ́bọ́ọ̀dù gáàsì, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ jíjò, àti ibi tí gáàsì tó ṣẹ́ kù ti ń jóná kó tó jáde, kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ẹ ṣe Raman lórí fíìmù tí ibi tó ní ohun èlò wọ̀nyí bá ti ṣe. Nínú mọ́tò láti ibẹ̀ dé Ifẹ̀, fíìmù kò ní yí padà bí ẹ bá gbé e sínú àpótí oníke pẹ̀lú sílíkà jẹ́ẹ̀lì, tí ojú fíìmù kò sì kan nǹkan kan. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò, ẹ tètè wọ̀n ọ́n. Fíìmù tó kún fún kírísítálì ní ihò, ó sì ń fa ọ̀rinrin mọ́ra.

Kí lésà tó kan fíìmù

1. Ẹ tan lésà, kí ẹ sì jẹ́ kó gbóná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. CCD náà gbọ́dọ̀ tutù dé ibi tí ó ń dúró sí. Ẹ so ohun gbogbo mọ́ invẹ́tà tàbí UPS, ẹ má so ó mọ́ NEPA tààrà. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ tí ó sì padà, ẹ gbà pé gbogbo ìwọ̀n ti yí, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

2. Ẹ pa gbogbo gílóòbù inú yàrá, pàápàá tíúbù funfun gígùn àti èyí tí wọ́n ń pè ní energy saver. Mẹ́kúrì inú wọn ní ìlà kan ní 546.1 nm. Lójú ẹni tó ń lo lésà 532 nm, ibi tí ìlà yẹn bọ́ sí ni 484 cm⁻¹, gẹ́gẹ́ lórí òkè aláìtò. Fíìmù tó dára lè tipa bẹ́ẹ̀ di aláìtò lórí ìwé.

3. Ẹ wọn ègé sílíkọ́nì kírísítálì. Ṣóńṣó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní 520.7. Bó bá wà ní ibòmíràn, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Ẹ kọ ìbú rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú: ìbú yẹn ni agbára ojú ẹ̀rọ yín. Ẹ padà síbẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, nítorí bí AC bá ń tàn tó ń kú, irin inú spectrometer á máa fẹ̀ a sì máa sún kì, ìlà yóò sì máa rìn.

4. Ẹ wọn gíláàsì òfìfo náà pẹ̀lú agbára àti àkókò kan náà tí ẹ ó lò fún fíìmù. Gíláàsì ní òkè gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tirẹ̀ láàárín 400 sí 500, ó sì ń gun orí 480. Bí fíìmù yín kò bá nípọn tó 200 nm, ẹ gbọ́dọ̀ yọ ti gíláàsì kúrò.

Ní ìgbà ọyẹ́, eruku kì í jẹ́ kí lẹ́ǹsì mọ́ ju ọjọ́ kan lọ. Ẹ fi róbà tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ fẹ́ eruku náà kúrò. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ. Itọ́ ló ń bà á. Bí ó bá ku nǹkan, bébà lẹ́ǹsì pẹ̀lú díẹ̀ nínú ọtí isopropyl, kí ẹ nù ún lẹ́ẹ̀kan sí ọ̀nà kan. Eruku tó bà lé fíìmù fúnra rẹ̀ ń tàn yòò lábẹ́ lésà aláwọ̀ ewé. Àmì ìka ọwọ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ooru lésà

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Raman lórí fíìmù sílíkọ́nì ti ń bàjẹ́, a sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: 1 mW tí a kó jọ sí ojú kan tó fẹ̀ tó máíkírómítà 1 jẹ́ nǹkan bíi 127 kW lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan. Oòrùn ọ̀sán gangan tí ẹ ń sá fún, nǹkan bíi 0.1 W ló ń dà sórí ààyè kan náà. Lésà kékeré yẹn fi ju mílíọ̀nù lọ́nà kan lọ pọ̀ ju oòrùn lọ, orí fíìmù tí kò nípọn ló sì ń dà á sí, lórí gíláàsì tí kì í tètè gbé ooru lọ.

Ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀. Èkíní, fíìmù á gbóná, ṣóńṣó á sì sún wálẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi 0.022 cm⁻¹ fún dígírì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí ṣóńṣó ní 516 níbi tí ẹ ń retí 520.7, ó lè jẹ́ pé lésà ti gbé fíìmù gbóná kọjá 200 °C. Èkejì burú jù: aláìtò á yí padà di kírísítálì lójú yín, ẹ ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kírísítálì ni ẹ̀rọ PECVD ṣe. Lésà yín ló ṣe é.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n: ẹ yan ibì kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì tan lésà sí, kí ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú 0.1 mW, lẹ́yìn náà 0.3, lẹ́yìn náà 1, kí ẹ sì padà sí 0.1 lórí ibì kan náà. Bí ìlà ìkẹyìn bá jọ ti àkọ́kọ́, ara fíìmù ṣì dá ṣáká. Bí ṣóńṣó bá sún ní 1 mW nìkan tó sì padà, ooru lásán ni. Bí ìlà ìkẹyìn kò bá jọ ti àkọ́kọ́ mọ́, fíìmù ti yí padà níbẹ̀ títí láé. Ẹ lo agbára tó kéré ju èyí tó kọ́kọ́ mú ìyípadà wá lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Bí àmì bá kéré jù lẹ́yìn èyí, ẹ fi àkókò kún un, ẹ má fi agbára kún un. Tàbí kí ẹ lo lẹ́ǹsì 10×, tí ojú lésà rẹ̀ fẹ̀ jù, kí ooru lè tàn ká. Fún iṣẹ́ ojoojúmọ́ lórí fíìmù, 10× ni a fẹ́ràn jù: kò sí ẹni tó nílò ìwọ̀n ojú kan máíkírómítà lórí gíláàsì tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10.

Ìṣirò

Ẹ gé ìlà náà láti 400 dé 560 cm⁻¹, kí ẹ fa ìlà tààrà sábẹ́ rẹ̀ láti etí kan dé èkejì, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fi òkè mẹ́ta kún abẹ́ ohun tó kù (Gaussian àti Lorentzian jẹ́ orúkọ ìrísí òkè méjì nínú ìṣirò): Gaussian kan ní 480, Gaussian kan láàárín 500 sí 510, àti Lorentzian kan ní nǹkan bíi 518 sí 521. Ẹ má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yan ibi tó bá wù ú. Ẹ wọn fíìmù kan tó jẹ́ aláìtò pátápátá, tí ẹ̀rọ PECVD kan náà ṣe, kí ẹ gba ipò àti ìbú 480 láti ara rẹ̀, kí ẹ sì dè é mọ́lẹ̀ níbẹ̀ fún gbogbo fíìmù yòókù. Bí ẹ kò bá dè é, òkè 480 á fẹ̀ títí yóò fi jẹ ejìká 505 run, ìṣirò fíìmù kan náà á sì máa yàtọ̀ láti ọwọ́ ẹnì kan sí ẹlòmíràn.

Ààyè abẹ́ òkè kọ̀ọ̀kan ni a ń lò, kì í ṣe gíga rẹ̀. Ká ní ti 480 jẹ́ 4200, ti 505 jẹ́ 1100, ti 520 jẹ́ 4700. Ẹ ro ti 505 àti 520 pọ̀, ó di 5800. Ẹ fi àpapọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 10000, pín in. Ìdá 58 nínú 100 nìyẹn, etí ààlà gan-an. Ṣùgbọ́n aláìtò àti kírísítálì kò dá ìmọ́lẹ̀ padà bákan náà, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń fi 0.8 sọ ti 480 di púpọ̀ kí wọ́n tó ṣe ìpín. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, 4200 á di 3360, ìdáhùn á sì di ìdá 63. Kò sí èyí tó ṣe irọ́ nínú méjèèjì, bí ẹ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ èyí tí ẹ lò. A kì í lò ó níbi iṣẹ́ ìṣọ́, nítorí bóyá nọ́ńbà gòkè tàbí ó wálẹ̀ láàárín fíìmù kan sí èkejì ni a ń wá, kì í ṣe ìwọ̀n kírísítálì gẹ́lẹ́.

Ipò ṣóńṣó náà ń sọ̀rọ̀. Kírísítálì tó kéré tó 3 nm ń fa ṣóńṣó rẹ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi 4 cm⁻¹. Bí gíláàsì bá ń fún fíìmù pọ̀, ohùn á gòkè, bí dùndún tí onílù fi apá fún; bí ó bá ń nà án, ohùn á wálẹ̀. Cm⁻¹ kan jẹ́ nǹkan bíi 250 MPa. Ooru náà ń fà á wálẹ̀, bí a ti sọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ yanjú ọ̀rọ̀ ooru kí ẹ tó sọ ohunkóhun nípa kírísítálì kékeré tàbí ìfúnpọ̀.

Ṣíṣọ́ bó ṣe ń hù

Fíìmù microcrystalline kì í hù bákan náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Lórí gíláàsì, aláìtò ló sábà máa ń kọ́kọ́ bà, kírísítálì díẹ̀ á sì gbérí nínú rẹ̀. Wọn á máa fẹ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń ga, ìdí wọn tẹ́ẹ́rẹ́, orí wọn gbòòrò, títí wọn á fi fi èjìká kan ara wọn. Nọ́ńbà kan ṣoṣo fún irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kò tó.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ ṣe fíìmù mẹ́rin pẹ̀lú gáàsì, ooru àti agbára kan náà, kí ẹ dá èkíní dúró ní 100 nm, èkejì ní 300, ẹ̀kẹta ní 600, ẹ̀kẹrin ní 1000. Ẹ wọn wọ́n pẹ̀lú 532 nm láti òkè. Bí ìdá kírísítálì bá ń gòkè láti orí èkíní dé ẹ̀kẹrin, ẹ ti rí bí ó ṣe ń hù.

Ọ̀nà kejì kò gba ju fíìmù kan lọ: ẹ wọ̀n ọ́n láti òkè, kí ẹ yí gíláàsì padà, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n láti abẹ́, kí lésà gba inú gíláàsì lọ bá ìdí fíìmù. Lẹ́ǹsì tó lè dúró jìnnà ni ẹ ó lò, nítorí gíláàsì mìlímítà 1 kò ní jẹ́ kí lẹ́ǹsì 50× lásán dé ibẹ̀. Ká ní abẹ́ fún yín ní ìdá 30, tí òkè sì fún yín ní ìdá 65. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìbẹ̀rẹ̀ ti jẹ́ aláìtò jù, òpin sì ti kọjá ààlà. Ẹ kò ní tún un ṣe nípa fífi sílénì kún gbogbo rẹ̀ tàbí yíyọ ọ́ kúrò nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ dín sílénì kù ní ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ kí kírísítálì lè tètè gbérí, lẹ́yìn náà kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n má baà bo gbogbo ojú. Ẹ yí i ní ìdá ìdajì nínú 100 lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ tó tún yí i. Ẹ má yí sílénì àti agbára plásímà pọ̀ ní ọjọ́ kan náà, nítorí ẹ kò ní mọ èyí tó ṣe é nínú méjèèjì.

Ẹ má gbàgbé etí gíláàsì. Lórí gíláàsì sẹ̀ǹtímítà 10 sí 10, ẹ wọn ojú mẹ́sàn-án, mẹ́ta lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí àárín bá jẹ́ ìdá 60 tí igun kan sì jẹ́ 40, gáàsì kò tàn dọ́gba, tàbí irin ìgbóná kò tẹ́jú. Sẹ́ẹ̀lì tí ẹ bá gé láti igun yẹn kò ní jọ ti àárín láéláé.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìnípọn fíìmù láìgé e, ilé iṣẹ́ ìwádìí CERD ní Yunifásítì Obafemi Awolowo ní accelerator 1.7 MV, ẹ̀rọ tó ń mú kí áyọ́ọ̀nù sáré, tó ń ṣe RBS, ìyẹn títa áyọ́ọ̀nù náà lu fíìmù kí a sì wo bí wọ́n ṣe ta padà. RBS ń sọ ìnípọn, ó sì ń sọ bóyá afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ti wọ inú fíìmù. Raman kò lè sọ ìyẹn.

Nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀

Ó ṣeé ṣe láti wọn Raman nígbà tí plásímà ń jó lọ́wọ́. Wọ́n ti ṣe é ní Jülich ní Jámánì: lésà gba ihò inú irin tí iná ráàdíò wà lára rẹ̀ wọlé, ìmọ́lẹ̀ sì gba ibẹ̀ padà. Èrè rẹ̀ ni pé ẹ lè yí gáàsì padà kí fíìmù tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ìṣòro mẹ́ta ló dúró lọ́nà.

Plásímà fúnra rẹ̀ ń tàn. Háídírójìn inú rẹ̀ ní ìlà pupa kan tó le ní 656.3 nm. Bí ẹ bá lo lésà 632.8 nm, ṣóńṣó sílíkọ́nì á bọ́ sí 654.4 nm, ìlà háídírójìn náà á sì jókòó ní nǹkan bíi 565 cm⁻¹, gẹ́gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ lo 532 nm, tí ṣóńṣó rẹ̀ bọ́ sí 547.2 nm, tó jìnnà sí ìlà yẹn. Ohun tó kù nínú ìtànyòò plásímà, ẹ máa wọ̀n ọ́n pẹ̀lú lésà ní pípa, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò. Bí ẹ bá ní lésà tó ń ṣẹ́jú àti CCD tó lè ṣí ojú kó sì di í ní àsìkò kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ìyẹn dára jù.

Fíìmù gbóná. Ní 200 °C, kírísítálì kò ní wà ní 520.7 mọ́, á wà ní nǹkan bíi 517. Ẹ kọ́kọ́ wọn ègé sílíkọ́nì kírísítálì kan lórí irin ìgbóná náà ní ooru iṣẹ́ kan náà, kí ẹ sì fi ibi tó bá wà ṣe ìpìlẹ̀.

Fèrèsé á bo. Sílíkọ́nì tó ń bà lé gíláàsì yóò bà lé fèrèsé yín pẹ̀lú, lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ ẹ ó sì máa wọn fèrèsé dípò fíìmù. Ẹ fi ọ̀pá tóóró gígùn síwájú fèrèsé, kí ẹ máa fẹ́ háídírójìn gba inú ọ̀pá náà, kí ẹ sì kà á mọ́ háídírójìn tí ẹ ń tú sínú àpótí, nítorí òun náà ń dín sílénì kù.

Àkókò tí ìwọ̀n kan gbà tún ṣe pàtàkì. Bí fíìmù bá ń hù ní 0.5 nm ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìwọ̀n tó gba ìṣẹ́jú kan ti da 30 nm pọ̀ sínú nọ́ńbà kan. Fún ìdí fíìmù, ìyẹn pọ̀ jù; ẹ dín ìdàgbà kù níbẹ̀ tàbí kí ẹ gba àmì tí kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń tan ni jẹ

Ẹ má ṣe fíìmù ìdánwò Raman sórí ègé sílíkọ́nì kírísítálì. Lésà á gba inú fíìmù kọjá, á sì mú ṣóńṣó 520.7 ti ìsàlẹ̀ padà wá, yóò sì dà bíi pé fíìmù yín pé pérépéré. Bí ṣóńṣó bá dín tó ti ègé ìpìlẹ̀ gẹ́lẹ́ ní ìbú, ẹ fura.

Bí fíìmù bá wà lórí zinc oxide, èyí tí a ń fi bo gíláàsì kó lè gbé iná, ẹ ó rí ìlà kan ní nǹkan bíi 437 cm⁻¹; kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú sílíkọ́nì, ṣùgbọ́n ó lè gbé ìlà ìsàlẹ̀ tí ẹ fà láti 400 sókè. Nínú irú fíìmù bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìlà yẹn láti ojú ibi tó dákẹ́, lẹ́yìn 437.

Ṣóńṣó kan tó ga bí abẹ́rẹ́, tó gbé píkísẹ́lì kan tàbí méjì, tí kò sì tún yọ nígbà kejì, ìtànṣán láti ojú ọ̀run ló gún CCD. Ẹ máa wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, kọ̀ǹpútà á yọ ọ́.

Lórí àpótí tí ẹ kó ègé kọ̀ọ̀kan sí àti lórí fáìlì ìlà rẹ̀, ẹ kọ àwọ̀ lésà, agbára ní ojú fíìmù, lẹ́ǹsì, àkókò, ẹ̀gbẹ́ tí ẹ ti wọ̀n ọ́n, ìdá sílénì, ìnípọn, àti ibi tí ṣóńṣó ègé ìpìlẹ̀ wà ní wákàtí yẹn. Fáìlì tí kò bá ní mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yìí, ẹ wọn fíìmù náà padà kó tó kúrò lọ́wọ́ yín.